Orúkọ Ọmọ Ẹlòmíràn Nínú Ìwé Nayeli

Mo buwọ́ lùwé pé ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni mo jókòó wo iṣẹ́ Renata Sisneros ní kíláàsì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè lójú rẹ̀, mo ní mẹ́sàn-án ni. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan sì lo oṣù márùn-ún láìní ohùn.

Orúkọ mi ni Eloisa Archibeque. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àwọn tó mọ̀ mí ní Llano Verde ti gbọ́ apá kan ìtàn yìí lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí tó kù lẹ́nu èmi tí mo ṣe é.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ tó nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe: àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀, àwọn tí ìwé kò wọ̀ lórí, àwọn tí ariwo agogo lásán ń dà lórí rú. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa tọ́ àwọn olùkọ́ tuntun sọ́nà. Lọ́dọ̀ wa ní ìpínlẹ̀ New Mexico, olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe wọ́n bí imí eégún. Nítorí náà ni ìjọba ṣe fàyè gba ọ̀nà kan: ẹni tó bá ti gba oyè yunifásítì, ì báà jẹ́ lórí iṣẹ́ mìíràn, lè gba kíláàsì lónìí, kí ó máa lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, bí olùtọ́sọ́nà rẹ̀ bá jẹ́rìí sí i, tí ọ̀gá ilé ìwé náà sì fọwọ́ sí i, ìwé àṣẹ di tirẹ̀.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni àwa tí a ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ń pè é. Kò sí ìkà nínú àwàdà náà. Kò sí ọ̀wọ̀ nínú rẹ̀ náà.

Olùkọ́ mọ́kànlá ni mo ti fà lọ́wọ́ gba ọ̀nà yẹn kọjá. Gbogbo wọn ló gba ìwé àṣẹ. Mo máa ń ka orúkọ wọn fún àlejò bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀. Renata ni ìkejìlá.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti lò lẹ́yìn káńtà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, mo bi í pé, "Kí ló gbé ọ kúrò níbi jẹ́jẹ́, tó o wá síbi tí ọmọ ti ń buni jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mísì, ẹ ò tíì rí àwọn tó ń wá gba nọ́ńbà ọkọ̀. Àwọn yẹn náà ń buni jẹ. Kò kàn sí ìwé tó ń sọ ìdí ẹ̀ ni."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ibikíbi tó o bá dé tí o ò mọ̀, pè mí."

Ó kọ ọ́ sórí pépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ìwé tí Renata ń sọ ni ìwé ètò. Gbogbo ọmọ tó wà ní ẹ̀kọ́ àkànṣe ló ní tirẹ̀: ohun tó lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe, ohun tí ilé ìwé gbọ́dọ̀ fún un. Òfin ni. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, dandan ni. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, a ní ọ̀rọ̀ kan fún un láàárín ara wa: "Tí kò bá sí nínú ìwé, kò sí."

Ní oṣù kẹwàá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nayeli dé láti Arizona pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àgbà, Doña Eutimia; Doña ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún ìyá àgbà lọ́dọ̀ wa. Nayeli kì í sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó kún fún àwòrán. Bó bá tẹ àwòrán omi, ẹ̀rọ náà á sọ pé, "Mo fẹ́ omi." Ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ ló yá a, títí di òpin oṣù kọkànlá.

Renata pè mí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rín kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Mísì, ọ̀gá ilé ìwé, Stallings, wá kí wa ní kíláàsì. Nayeli wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀. Ó tẹ àwòrán ẹlẹ́dẹ̀. Ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún un tẹ̀."

"Kí ni Stallings sọ?"

"Wọ́n ní ṣé ọmọ náà fẹ́ràn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni."

Ọmọ tó dé láti ìpínlẹ̀ mìíràn, a gbọ́dọ̀ kọ ìwé ètò tuntun fún un láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ọjọ́ Ajé ni ti Nayeli máa pé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀, Renata pè mí. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Mísì, ojú ìwé méjìlélógún ni. Mo ti kọ mẹ́rin. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń béèrè níbi tó kù. Ẹ ní ẹ máa wá ní Ọjọ́bọ̀."

Lóòótọ́ ni mo ṣe ìlérí náà. Ilé ìwé mẹ́ta ni mo ń pín ara mi sí, olùkọ́ mẹ́fà ló sì wà lọ́rùn mi. Ilé epo lẹ́bàá títì ni mo wà, búrítò tí mo ń jẹ lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Ó yẹ kí n yí ọkọ̀ padà. Ogójì ìṣẹ́jú ni ibẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní, "Má dààmú. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà kan, Wyatt. Ọmọ ọdún mẹ́jọ bíi ti Nayeli, irú àìlera kan náà. Ìwé rẹ̀ dára gan-an. Ọ́fíìsì fi ń kọ́ àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀. Màá fi ránṣẹ́ sí ọ. Dà á kọ, kó o yí orúkọ padà, kó o tún àwọn nọ́ńbà ṣe."

Ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é."

Irọ́ kọ́ ni gbólóhùn yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ṣe é mọ ibi tí ó yẹ kí á ti padà wò. Mi ò sọ ibẹ̀ fún un. Mo fún ọmọdé ní ọ̀bẹ, mi ò sọ apá tó mú fún un.

Ó ṣiṣẹ́ náà tán lọ́jọ́ Àìkú. Ó fi ránṣẹ́ sí mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, mo rí orúkọ Nayeli níbẹ̀, mo rí i pé ó kún dáadáa. Mo kọ̀wé padà pé: "Ó ti dára. Kú iṣẹ́, ọmọ mi."

Ibi mẹ́tàdínlógún ni Renata ti yí orúkọ Wyatt padà. Ó fo ẹyọ kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ní ojú ìwé kẹsàn-án, àpótí kékeré kan wà tó ń béèrè pé: ṣé ọmọ yìí nílò ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe agbẹnusọ rẹ̀? Wyatt, asọ̀rọ̀mágbèsì, kò nílò rẹ̀. A ti fa ìlà sí "Rárá". Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú ìwé Nayeli.

Ní ìpàdé oṣù kọkànlá, a ka ìwé náà ní kíá-kíá lédè Gẹ̀ẹ́sì, a sì fi ibi tí Doña Eutimia máa fọwọ́ sí hàn án. Ó fọwọ́ sí i. Bí ìwé bá ti gba ìfọwọ́sí báyìí, kọ̀ǹpútà á tì í pa. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣí i gbọ́dọ̀ pe ìpàdé mìíràn, kó sọ ìdí rẹ̀.

Oṣù kọkànlá parí. Doña Eutimia dá ẹ̀rọ padà sí Arizona bí àdéhùn ṣe wí. Renata kọ̀wé sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n fún ọmọ náà ní òmíràn. Ìdáhùn dé lọ́jọ́ kejì: kò sí nínú ìwé ètò rẹ̀.

Ó pè mí. "Mísì, a ti bà á jẹ́. Wọ́n fa ìlà sí 'Rárá'. Ti Wyatt ni. Ẹ jẹ́ ká pe ìpàdé."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo tún mọ̀ pé bí a bá pe ìpàdé, wọ́n á béèrè bí "Rárá" ṣe dé ibẹ̀. Bernadine Krol ni olórí ẹ̀kọ́ àkànṣe ní ọ́fíìsì wa nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó máa fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹfà, gbogbo èèyàn sì ti ń fojú sí mi lára fún àga rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fún mi pé, "Jẹ́ kí ìwé rẹ mọ́ lọ́dún yìí, Eloisa. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó kù."

Mo sọ fún Renata pé, "Oṣù kẹta ni a máa tún ìwé yẹn yẹ̀ wò. Kò jìnnà. Bó o bá ṣí i báyìí, ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi. O ṣì wà lọ́nà ẹ̀bùrú, ọmọ mi. Má fa ojú wọn mọ́ra."

"Nayeli ńkọ́?"

"Gé àwòrán látinú ìwé ìròyìn. Lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí. Báyìí la ṣe ń ṣe é kí ẹ̀rọ tó dé."

Ó ṣe páálí náà. Nayeli tẹ àwòrán omi. Páálí kò sọ̀rọ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó lù ú. Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín jẹ ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀.

Renata ń pè mí lójoojúmọ́ nígbà náà. "Mísì, ẹ wá wò ó. Bóyá nǹkan kan wà tí mò ń ṣì ṣe." Mo ní màá wá ní Túsìdeè. Túsìdeè lọ. Mo ní Ọjọ́bọ̀. Ìyẹn náà lọ. Mi ò fẹ́ wo ọwọ́ ọmọ yẹn. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ni mo ń fi ṣe àwáwí.

Ọ́fíìsì ń fẹ́ ìwé ìbẹ̀wò mi kí oṣù kìíní tó parí. Ìbẹ̀wò mẹ́sàn-án lórí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan. Méjì ni mo ní fún Renata. Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, mo jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná pẹ̀lú kàlẹ́ńdà. Mo kọ ìbẹ̀wò méje láàárín wákàtí kan. Mo ń pààrọ̀ bírò bí mo ṣe ń kọ ọ́, kí ó má baà dà bí iṣẹ́ ọjọ́ kan. Mo kọ pé ohùn Renata tutù. Mo kọ pé àwọn ọmọ jókòó jẹ́jẹ́. Mo buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀meje.

Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe rọrùn tó.

Ní oṣù kejì, Doña Eutimia ló pe ìpàdé fúnra rẹ̀. Òfin fún un láṣẹ bẹ́ẹ̀. A jẹ́ márùn-ún nídìí tábìlì: òun, Renata, Bernadine, èmi, àti ọ̀gá ilé ìwé, Dwight Stallings, tó ti fìgbà kan jẹ́ kóòṣì bọ́ọ̀lù, tó sì ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n pẹ́ dé pápá. Nayeli jókòó lẹ́bàá ìyá rẹ̀ àgbà. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, láti ìka dé ọrùn ọwọ́.

Doña Eutimia yọ ìwé ètò náà látinú àpò. Ó ti lẹ̀ bébà aláwọ̀ yẹ́lò mọ́ ojú ìwé bíi mẹ́wàá.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti ka ìwé yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kà á, torí Gẹ̀ẹ́sì yín yìí le ju ti Bíbélì lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní."

"Ẹ béèrè, Màmá," ni Stallings wí. "Ohun tá a ṣe wà níbí nìyẹn."

"Ta ni Wyatt?"

Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó kà á síta, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: "'Wyatt máa ń sọ gbólóhùn ọlọ́rọ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ó sì fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ajá rẹ̀.'" Ó gbé ìwé náà sílẹ̀. "Kò sí ajá nílé mi. Kò sí Wyatt nílé mi. Èyí tó wà nílé mi rèé. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń dúró de gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu ẹ̀."

Stallings wúkọ́. "Àṣìṣe ìtẹ̀wé ni, Màmá."

"Àṣìṣe ìtẹ̀wé?" Ó gbé ọwọ́ ọmọ náà ka orí tábìlì. "Ṣé àṣìṣe ìtẹ̀wé ló jẹ ọmọ mi lọ́wọ́ báyìí?"

Bernadine ti fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mo rí i tó ń ṣí i, tó dé ojú ìwé kẹsàn-án, tí ìka rẹ̀ sì dúró. "Wọ́n ní kò nílò ẹ̀rọ," ló wí jẹ́jẹ́. "Ta ló kọ ìwé yìí?"

Renata wò mí. Mo wo tábìlì. Igi ayédèrú ni, àmì ife kọfí kan wà lójú rẹ̀. Mo ṣì rántí bó ṣe rí.

"Èmi ni," ni Renata wí.

Ó dúró kí n fi ọ̀rọ̀ kún un. Gbogbo wọn wo èmi olùtọ́sọ́nà. Mo ní, "A máa tún un ṣe kíákíá, Doña Eutimia. Ẹ má bínú."

"Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí i," ló sọ fún mi. "Ìwọ lo fi ibi tí màá fọwọ́ sí hàn mí."

Lọ́jọ́ kejì, Stallings pe Renata sí ọ́fíìsì rẹ̀. Bernadine wà níbẹ̀, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ìwé ìbẹ̀wò mi wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

"Báwo ni ìwé ọmọ yẹn ṣe dé ọwọ́ rẹ?" Bernadine ló béèrè.

Renata tún wò mí. "Mísì ló fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí n dà á kọ."

"Mo fi hàn án bí àpẹẹrẹ," ni mo wí. "Láti fi kọ́ ọ. Mi ò ní kó dà á kọ." Ó bà mí lẹ́rù bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde láìkọsẹ̀.

Stallings lu ìwé ìbẹ̀wò náà gbàgbà. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án! Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni Mísìs Archibeque wá jókòó tì ọ́. Tí wọ́n bá jókòó ti ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ewúrẹ́ ọ̀hún á ti mọ ìwé kọ."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, sà."

"Kí lo wí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wá. Oṣù kẹsàn-án, àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá." Ó yí sí mi. Kò bínú. Ó ṣì gbà pé mo máa ṣe ohun tó tọ́. "Mísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn."

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Ọmọ wà lẹ́yìn ẹni kan, orí rẹ̀ wọ́, èmi nìkan ni mo lè tún un ṣe.

"Mẹ́sàn-án ni," ni mo wí. "Ó ṣeé ṣe kí ó má rántí. Ọdún àkọ́kọ́ máa ń da orí èèyàn rú."

Stallings àti Bernadine ní àwọn kò ní fọwọ́ sí ìwé Renata. Ẹni tó wà lọ́nà ẹ̀bùrú, bí ilé ìwé kò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ àti ìwé àṣẹ jọ ń lọ lọ́jọ́ kan náà ni.

Mo bá a ní kọ́rídọ̀. Páálí kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó ife rẹ̀ àti súwẹ́tà sínú rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, o ṣì kéré, wàá rí ibòmíràn..."

"Ẹ ní tí n bá dé ibi tí mi ò mọ̀, kí n pè yín," ló wí. "Mo pè yín."

Ó lọ.

Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹ̀rí ọkàn kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣe irú nǹkan báyìí sùn. Mo sùn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sí mi, ní àwọn ọ̀nà kéékèèké: olùkọ́ tuntun kan máa pè mí ní Mísì, orí mi á sì gbóná.

Doña Eutimia kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀. Wọ́n ní kí ọ́fíìsì wa fi gbogbo ìwé tó bá kan Nayeli àti olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Bernadine ló jókòó ṣe ẹ̀dà wọn. Ní oṣù kẹrin, ó pè mí pé kí n wá.

Kò fún mi ní kọfí. Ó mú ìwé ìbẹ̀wò mi, ó kà á sí mi létí.

"'Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìíní, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àárọ̀. Mo wo ẹ̀kọ́ ìwé kíkà. Àwọn ọmọ márààrún jókòó jẹ́jẹ́. Ohùn Renata tutù.' Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni."

"Eloisa, ta ló pè ọ́ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ yẹn?"

Mi ò rántí.

"Èmi ni. Yìnyín ti di gíláàsì lójú títì. Mo ní kó o má jáde, ilé ìwé máa fi wákàtí méjì pẹ́ ṣí. O ní, 'A dúpẹ́, màá padà sùn.'" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bọ́ọ̀sì kan kò tíì kúrò ní gáréèjì. Ọmọ márùn-ún wo lo rí?"

"Ó lè jẹ́ pé mo ṣi ọjọ́ kọ."

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ wo ìwé àlejò ẹnu ọ̀nà ilé ìwé yẹn." Ó ti ìwé mìíràn síwájú mi. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń kọ orúkọ síbẹ̀, olùtọ́sọ́nà kò yọ sílẹ̀. Ó ti fa ìlà sábẹ́ orúkọ mi níbi tó wà. "Oṣù kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀kan. Oṣù kẹwàá, ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́ ìpàdé ni ìyókù, kì í ṣe kíláàsì. Ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ gẹ́lẹ́."

Ìwé àlejò yẹn ti wà níbẹ̀ ní oṣù kejì tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Renata. Kò sí ẹni tó ronú láti ṣí i, nítorí pé èmi ni mo sọ̀rọ̀, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n mi sì tó wọn lẹ́rìí.

"Ìwé Wyatt ńkọ́?" Bernadine béèrè. "Ṣé àpẹẹrẹ ni lóòótọ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ilé epo, ọ̀rọ̀ tí mo kọ padà láìka ìwé kọjá ojú ìwé àkọ́kọ́, ìpàdé tí mo ní kí Renata má pè. Nígbà tí mo dé ibi bírò tí mo ń pààrọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́.

"Àga yìí ni mo fẹ́ fún ọ," ló wí. Kò fi nǹkan kan kún un.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ sílé Renata. Ó ṣí ilẹ̀kùn onígi, ṣùgbọ́n kò ṣí ti nẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wa.

"Mo ti sọ fún wọn," ni mo wí. "Gbogbo ẹ̀."

"Wọ́n ká ẹ mọ́ ni, tàbí ìwọ lo lọ sọ fún wọn?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè mí ní ìwọ. "Wọ́n ká mi mọ́ ni," ni mo wí.

Ó mi orí. "Nígbà tí Nayeli ń bu ara ẹ̀ jẹ, èmi ni mo máa ń dì í mú. Ó máa ń tó ogún ìṣẹ́jú nígbà mìíràn. Mo ń rò pé èmi ni mi ò mọ iṣẹ́. Mo ń rò ó pé olùkọ́ gidi á ti mọ ohun tó ń ṣe é." Ó mú ọwọ́ ilẹ̀kùn. "O mọ ohun tó ń ṣe é. Látìgbà yẹn lo ti mọ̀."

Mo ní mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbọ́. Ó ti ilẹ̀kùn.

Mi ò ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n púpọ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹ̀yin tí a fi èèyàn tuntun sí níkàáwọ́, ní ilé ìwé, ní ọsibítù, níbi iṣẹ́ yòówù, bí ẹ ò bá lọ, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò lọ. Ìtìjú rẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan lọ. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ yín kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn yàtọ̀ sí yín. Bí ẹ bá jẹ́rìí èké lòdì sí i, ibo ló kù tí yóò lọ?

Ìpínlẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìkọ́ni mi fún ọdún méjì ní oṣù kẹfà. Èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lé mi. Ẹlòmíràn ló jókòó sí àga Bernadine. Wọ́n kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí Wyatt, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ wọn ti dé ọwọ́ ẹni tí kò yẹ. Wọ́n kọ ìwé ètò tuntun fún Nayeli, ẹ̀rọ rẹ̀ sì dé ní oṣù karùn-ún. Wọ́n ní ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Àpá ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Renata pé àwọn ti fa ẹ̀sùn rẹ̀ ya, kí ó padà wá, kí ó máa bá ètò rẹ̀ lọ láti ibi tó dé. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kò tíì dá wọn lóhùn.